Oúnjẹ tí Lindaura Ṣe fún Làpálàpá

Ẹsẹ̀ ni Lindaura kọ́kọ́ ń wò kó tó wo ojú ènìyàn. Bí ẹ bá kí i lójú pópó ní àdúgbò Campos Elíseos, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sórí sálúbàtà yín, á dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú akàn, lẹ́yìn náà ni á gbójú sókè tí á rẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé ó ń tijú ni. Irọ́ o. Ó ń ka ẹsẹ̀ yín bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn ni: ẹni tí bàtà rẹ̀ há, ẹni tó ń dúró nídìí ààrò látàárọ̀ dalẹ́, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ tí kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un pé kó gé èékánná rẹ̀.

Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ṣe. Àga gíga kan wà níbẹ̀ fún oníbàárà, àpótí kékeré kan fún òun fúnra rẹ̀, bàsíà funfun kan, àti fáànù tó ń ké bí ẹni tí inú ń run. Ère Ìyá Wa Dúdú ti Aparecida, ìyá mímọ́ tí àwọn Àgùdà ń gbàdúrà sí, wà lókè dígí, ó ń wo gbogbo ẹsẹ̀ tó ń wọlé tó ń jáde, kò sì sọ nǹkan kan. Gbogbo ìlú Ribeirão Preto lè gbóná bí inú ìkòkò lóṣù kẹsàn-án, kí eérú ìrèké tí wọ́n ń sun máa bọ́ sórí aṣọ tí àwọn ènìyàn sá, Lindaura á wà lórí àpótí rẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ kan lé itan, á máa kọrin lábẹ́ ahọ́n.

Orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ìrèké ni ìyá náà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Dóna Eurídice, gé títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ọkọ̀ ń kó wọn lọ sóko. Ìrì á ti rin inú bàtà rọ́bà wọn kí oòrùn tó yọ, òógùn á gbà á lọ́wọ́ ìrì, bàtà náà kò sì ní gbẹ títí di ọjọ́ kejì tí wọn yóò tún ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Làpálàpá wọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ màmá yìí. Ó jẹ ẹ́ funfun, ó là á, ó gun orí èékánná, ó sọ wọ́n di ohun tó nípọn bí èèpo igi. Gbogbo aládùúgbò ló ní oògùn tirẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n da fínígà sí i, torí ohun tó bá kan ló ń pa ohun tó bá ń rùn. Ẹlòmíràn ní rárá, ẹsẹ̀ tó bá ti ń rùn ti kan jù tẹ́lẹ̀, sódà ló lè bá a wí. Ọ̀rọ̀ onísódà ló borí. Lọ́jọ́ Àìkú, Lindaura kékeré á po sódà nínú bàsíà, á gbé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lé itan, á máa fi aṣọ ìnura nu àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń nu ẹyin. Dóna Eurídice á di ojú, á ní ọmọ òun ní ọwọ́ bí òwú. Ẹsẹ̀ náà kò san títí wọ́n fi sin ín.

Tainara ni ọmọ àbúrò Lindaura; Tíà, ìyẹn àǹtí, ló ń pe Lindaura. Ìyá rẹ̀ bá iṣẹ́ lọ sí ìlú Goiânia nígbà tí ọmọ ṣì ń rákò, ó ní òun á padà wá mú un láìpẹ́. Ó ń fi káàdì ránṣẹ́ ní Kérésìmesì. Nítorí náà, abẹ́ àga gíga yẹn ni Tainara dàgbà sí, láàárín bàsíà àti ẹsẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ kì í sì tán. Kí ni làpálàpá ń jẹ? Ta ló ń gbé oúnjẹ fún un? Ṣé ó ń sùn? Nígbà tó wọ yunifásítì, tí wọ́n ní kí kálukú mú ohun tí yóò ṣèwádìí lé lórí, làpálàpá ló mú. Ó wá sọ ọ́ nílé pẹ̀lú ojú tó ń dán.

Lindaura gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. "Nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, ọmọ mi. Ìràwọ̀ wà níbẹ̀, ẹja wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá àgbà rẹ lo wá rí mú?"

"Òun náà ni, Tíà."

Lindaura dìde lọ sídìí ààrò bí ẹni tí nǹkan ń jóná, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lórí iná. Ó fi aṣọ ìdáná nu ojú rẹ̀ kó tó padà wá jókòó.

Ohun tí Tainara ṣàlàyé fún un lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, àrà ni. Ó ní làpálàpá kì í ṣe kòkòrò. Ìbátan olú ni, fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Bíi ti gbogbo ohun alààyè, ó ní jíìnì nínú ara rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tó jogún, tó ń sọ fún un irú irinṣẹ́ tó yẹ kó rọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà! Ó ń ṣí èyí, ó ń pa tọ̀hún dé, gẹ́gẹ́ bí ibi tó bá ara rẹ̀ ti rí àti ohun tó rí jẹ níbẹ̀. Awọ ara wa kan díẹ̀, bí omi ògì. Bí làpálàpá bá balẹ̀ síbẹ̀, jíìnì kan wà tó dà bí ahọ́n, á tọ́ ọ wò, á mọ̀ pé ó kan, á sì ní kí àwọn irinṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbi kíkan jáde wá. Ni yóò bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé awọ àti èékánná jẹ. Bó ti ń jẹ ni ìdọ̀tí rẹ̀ ń jáde, ìdọ̀tí náà sì dà bí omi eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ. Díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ kò kan mọ́. Ahọ́n yẹn á tún tọ́ ọ wò, á mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Yóò wá pa àwọn tàkọ́kọ́ dé, yóò fa àwọn ọ̀bẹ ńlá yọ, àwọn tó jẹ́ pé inú omi eérú gan-an ni wọ́n ti mú jù. Ohun tí kò lójú, tí kò ní ọpọlọ, ó dé ilé onílé, ó tún un ṣe bó ṣe wù ú, kó tó wá jókòó jẹun tẹ́rùn.

"Mo mọ irú àlejò bẹ́ẹ̀," ni Lindaura wí. "Mo fẹ́ ọ̀kan rí."

Ohun tí Tainara fẹ́ mọ̀ ni èwo nínú àwọn jíìnì wọ̀nyí ló ń ṣí nígbà tó bá jẹ́ èékánná ènìyàn gan-an ni oúnjẹ, kì í ṣe ìyẹ̀fun ìwo màlúù tí wọ́n ń rà ní páálí. Yóò da omi sínú ìgò, yóò fi èékánná lílọ̀ sí i, yóò gbin làpálàpá síbẹ̀, yóò sì fi aró kan sí i tó máa ń ní àwọ̀ ìyeyè níbi tó bá kan, tó sì ń pupa fòò níbi tó bá ti di eérú. Bí omi bá pupa, a jẹ́ pé làpálàpá ti ń jẹ èékánná nìyẹn. Ìgbà náà ni yóò tó lè ṣí inú rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n níbo ló ti fẹ́ rí èékánná?

Lindaura wò ó bí ẹni tó béèrè ibi tí wọ́n ti ń rí iyọ̀ létí òkun.

Bí èékánná Campos Elíseos ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ yunifásítì nìyẹn. Lindaura kò gbà láìtọrọ o, oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó máa kó o. Dóna Ofélia nìkan ló fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Opó oníbúrẹ́dì ni, ó dàgbà ju Lindaura lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àlùmọ́gàjí tó wà lọ́wọ́ Lindaura.

"Kí lo fẹ́ fi èékánná mi ṣe? Ẹ ò ní fi ṣe mí ní nǹkan o."

"Làpálàpá la fẹ́ fi bọ́, Dóna Ofélia. Ní yunifásítì."

Ofélia ronú sí i díẹ̀. "Èmi tí mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ po ìyẹ̀fun, èékánná mi ló wá ń lọ yunifásítì." Ó na ẹsẹ̀ náà padà. "Gé e dáadáa. Má fi ti ọmọ ìka kékeré sílẹ̀, òun náà fẹ́ kàwé."

Àwọn ìgò àkọ́kọ́ pupa. Tainara ti fi ọṣẹ fọ èékánná wọ̀nyẹn, ó ti fi omi gbígbóná ṣan wọ́n, ó tún ṣan wọ́n, kó tó lọ̀ wọ́n. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, àmọ́ nígbà tó yí, ó pupa fòò bí ẹ̀jẹ̀. Ó ya fótò rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù Lindaura. Gbogbo ẹni tó jókòó sórí àga gíga lọ́sẹ̀ náà ló rí fótò yẹn, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọmọ tuntun hàn. Ofélia gbá fóònù mú, ó sún un mọ́ ojú, ó sì kéde pé ìgò tó pupa jù yẹn, ti òun ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá wọ́ nìyí o: ìfẹ́ ló fà á.

Lindaura jókòó, ó rò ó. Bí èékánná ẹlẹ́rùpẹ̀ bá lè ṣe báyìí, èékánná tó mọ́ ńkọ́? Ta ní í fi ìrẹsì tí a kò fọ̀ síwájú àlejò? Ọmọ tí òun tọ́ ń ṣe iṣẹ́ ńlá láàárín àwọn ènìyàn ńlá, kò sì yẹ kí wọ́n rí ìdọ̀tí nínú ohun tó ti ilé wá. Ó mú ṣúgà, ó mú oyin, ó po wọ́n pọ̀ nínú àwo gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin ìlú náà ti máa ń ṣe láti fi ha gìgísẹ̀ tó ti le. Tẹ́lẹ̀, tí ọdún bá dé nìkan ló máa ń lò ó. Ní báyìí, gbogbo ẹsẹ̀ tó bá wọlé ló ń fi í ha, láti gìgísẹ̀ dé orí èékánná, kó tó gé e. Inú àwọn oníbàárà dùn gan-an. Ẹsẹ̀ ń dán, ẹsẹ̀ ń rọ̀. Èékánná tó ń bọ́ sínú àwo wá funfun, ó ń tàn bí ìpẹ́ ẹja. Lindaura á fi ọwọ́ gbá wọn jọ látinú àwo, á sá wọn sí oòrùn, á dà wọ́n sínú ìgò tó ti fọ̀ mọ́, á de orí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Tainara rí i, ó dì mọ́ ọn. "Tíà, ẹ ti fọ̀ ọ́ tán!"

"Ọmọ mi, fífọ̀ kọ́. Mo ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ bí ìyàwó."

Tainara rò pé wàhálà kan ti dínkù. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, Dókítà Hermínia tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ sì ń retí èsì. Kò fọ̀ wọ́n mọ́. Ó lọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìgò kejì kò pupa. Àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n ṣì ní, ó tilẹ̀ tún mọ́lẹ̀ sí i. Làpálàpá inú wọn hù, ó sanra, ó funfun, ó rọ̀ bí òwú, ṣùgbọ́n omi náà ń kan, kò di eérú. Tainara rò pé òun ṣe àṣìṣe níbì kan, ó tún un ṣe. Àwọ̀ ìyeyè náà ni. Dókítà Hermínia kì í ṣe òǹrorò, àmọ́ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀. Ó pe Tainara jókòó, ó ní kó tún un gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ìyẹn náà kò bá pupa, kí wọ́n jọ fi ọ̀rọ̀ èékánná sílẹ̀, òun á wá iṣẹ́ mìíràn fún un, lára olú inú ilẹ̀ bóyá, èyí tí kò ní yọ ọ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Olú inú ilẹ̀! Tainara wálé, kò lè jẹun. Ó sọ ọ́ fún Lindaura láìwo ojú rẹ̀. Kò sọ pé ẹsẹ̀ ìyá àgbà ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n ohun tó wí gan-an nìyẹn, Lindaura sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ojú Lindaura ti yí padà sí ẹsẹ̀. Èékánná tó ti ọwọ́ òun jáde ni kò ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹnì kan nínú àwọn oníbàárà òun ló ń fi nǹkan pamọ́. Bóyá ẹni náà ń lo oògùn. Bóyá kútẹ̀sì ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè bí ọlọ́pàá. Àwọn tí kì í bínú ń rẹ́rìn-ín, àwọn tí ń bínú ń rojú. Nígbà tó kan Dóna Ofélia, Lindaura di ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ńlá mú, ó yí i síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná, ó sì béèrè bóyá ó ti ń fi nǹkan kan sí i láìsọ fún òun.

 Ofélia fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ nínú omi.

"Lindaura, láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, ìwọ nìkan lo ń fọwọ́ kan mi. Tí mo bá fi nǹkan sí ẹsẹ̀ mi, ta ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún?" Ó fi ẹsẹ̀ tútù wọ bàtà, ó jáde. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ènìyàn rí i ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, níbi tí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù ti ń fi ẹsẹ̀ àwọn àgbàlagbà ṣeré.

Ọ̀rọ̀ náà dun Lindaura dé egungun. Ṣùgbọ́n ìgbìyànjú tó kù ló gba ọkàn rẹ̀. Ó ní bóyá èékánná kò tíì mọ́ tó ni. Ló bá fi kún oyin. Ó fi kún ṣúgà. Ó ha ẹsẹ̀ Campos Elíseos débi pé ọkùnrin kan ní òun kò lè fi ẹsẹ̀ lásán rìn nílé mọ́, ilẹ̀ ń yọ̀ fún òun. Ìgò tó kẹ́yìn kún, ó funfun, ó ń dán. Ó gbé e sí ojú fèrèsé de Tainara.

Tainara wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú láti mú un. Ojú rẹ̀ ti rù. Lindaura kò mọ ohun tí yóò sọ, bí kò bá sì ti mọ ohun tí yóò sọ, ohun kan ló máa ń ṣe. Ó fi ọwọ́ lu àga gíga.

"Gòkè wá, jẹ́ kí n bá ọ tún ẹsẹ̀ rẹ ṣe."

"Tíà, mo ń kánjú."

"Ẹsẹ̀ tó ń kánjú ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Tainara gòkè. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́, fáànù ń ké. Lindaura gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà lé itan, ó nu àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan, ó sì na ọwọ́ sí àwo oyin àti ṣúgà tó wà lórí fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò èékánná. Èèrà ti bo àwo náà. Lindaura ti ń bá èèrà jà láti ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, kò yà á lẹ́nu. Ó fi aṣọ gbá wọn kúrò. Ohun tó tì í lójú ni pé wọ́n wà lára ìgò náà pẹ̀lú. Wọ́n tò lọ sókè bí ìlà ìkọ̀wé, wọ́n yí ọmọrí rẹ̀ ká, àwọn kan tilẹ̀ ti rí ọ̀nà wọlé, wọ́n ń rìn láàárín èékánná. Ó sáré na ìgò náà sí Tainara, ó ń tọrọ àforíjì, ó ní ilé òun kò dọ̀tí bẹ́ẹ̀, oyin tó wà nítòsí ló fà wọ́n.

 Tainara gba ìgò náà, ó gbé e sójú oòrùn.

"Tíà. Kí ni èèrà ń fi èékánná ṣe?"

Lindaura wo ìgò. Ó wo àwo. Ọwọ́ rẹ̀, tí oyin ń kán lára rẹ̀, dúró lókè láìlọ síbì kankan.

"Ṣé inú àwo yìí náà lẹ ti ń gbá a jọ? Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ha á?"

"Kó lè mọ́ ni," ni Lindaura wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Kó lè mọ́ fún ọ ni."

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ wá hàn kedere. Ta ní í fi eyín pa èkùrọ́ nígbà tí ọbẹ̀ wà lórí tábìlì? Làpálàpá bá oyin nínú ìgò, oúnjẹ rírọ̀ tí kò gba wàhálà, ló bá fi èékánná sílẹ̀. Kò ṣí jíìnì ọ̀bẹ, kò fa irinṣẹ́ kankan yọ. Ó ń lá oyin, ó ń sanra, omi sì ń kan, torí ìdọ̀tí ẹni tó ń jẹ ṣúgà, kíkan ni. Kò sí oníbàárà tó fi nǹkan pamọ́. Ẹ̀bi Ofélia kọ́.

"Èmi ni," ni Lindaura wí. "Èmi ni mo bà á jẹ́ fún ọ."

"Ẹ ò dá a ṣe. Èmi tó yẹ kí n fọ̀ ọ́, mi ò fọ̀ ọ́. Mo rí i pé ó ń dán, mo ní kí n jókòó jẹ́jẹ́." Ẹnu Tainara ti ń wárìrì, Lindaura rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. "Tíà, ẹ ti ń ṣe oúnjẹ fún làpálàpá láti ìgbà yìí. Ẹ se àsè fún un."

Lindaura fẹ́ bínú, kò rí ìbínú mú. Òun náà bú sẹ́rìn-ín, ó gbàgbé, ó fi ọwọ́ oyin nu ojú, oyin sì lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Ọmọ náà bọ́ sílẹ̀ lórí àga, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó tutù, ó ń bá a nu ún.

Wọn kò da èékánná náà nù. Wọ́n gbé e lọ sí ìdáná, wọ́n jọ fọ̀ ọ́. Tainara ń bu omi gbígbóná, Lindaura ń fi ọwọ́ òwú rẹ̀ yan wọ́n, ó ń ṣan wọ́n nínú asẹ́ bí ẹni ń ṣan ẹ̀wà. Báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀ pé ó ti mọ́? Irinṣẹ́ wà ní yunifásítì tó lè sọ, àmọ́ ọjọ́ Àìkú ni, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Lindaura mú díẹ̀ sórí àwo, ó gbé e sí ojú fèrèsé, lójú ọ̀nà àwọn èèrà gan-an. Àwọn èèrà dé ibẹ̀, wọ́n yà wò ó. Lindaura àti Tainara padà síbi ìfọ̀. Nígbà tí wọ́n tún gbé e síbẹ̀, èyí tó ṣáájú fi ìwo kan èékánná kan, ó ronú, ó sì kọjá lọ. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọjá lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wá oyin tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Obìnrin méjèèjì tẹ̀ mọ́ fèrèsé, wọn kò mí. Bí ẹnikẹ́ni bá kọjá lójú pópó lákòókò yẹn, yóò rò pé ìran ńlá kan ni wọ́n ń wò. Ìran ńlá sì ni!

Lọ́jọ́ kejì, Lindaura ra búrẹ́dì wàràkàṣì tó ṣì ń gbóná, ó gbé e lọ sí ilé Dóna Ofélia. Ó rò ó pé òun á bẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, Ofélia sì jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀ tán pátá, kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Nítorí náà, oyin lo fi kún èékánná mi," ló wí níkẹyìn. "Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe èékánná mi. Ọmọ oníṣingọ́ọ̀mù yẹn gé mi lẹ́ran." Ó yọ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì. "Wò ó. Wá tún un ṣe kó tó di ọgbẹ́."

Lẹ́yìn náà, dídúró ló kù. Lindaura kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ìgò níwájú òun. Ó ń wo fóònù rẹ̀, ó ń fi aṣọ bò ó kó má bàa máa wò ó. Ìyá Wa Dúdú gba àbẹ́là púpọ̀ lọ́sẹ̀ náà.

Kò sí fótò tó wọlé. Ohùn Tainara ló wọlé, ó ní kí Lindaura múra, kó wá. Dókítà Hermínia ló ní kó wá.

 Lindaura wọ aṣọ tó máa ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fún un ní kóòtù funfun lẹ́nu ọ̀nà, apá rẹ̀ gùn jù, ó ká a sókè. Yàrá ìwádìí náà tutù, ó sì ń rùn bí aṣọ tó pẹ́ nínú àpótí. Tainara mú un lọ́wọ́, ó mú un dé iwájú pẹpẹ kan tí àwọn ìgò tò sí.

Wọ́n pupa. Ẹyọ kan kò yọ sílẹ̀. Pupa bí ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú gíláàsì ṣọ́ọ̀ṣì kọjá.

Lindaura kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́, bó ṣe máa ń wo ẹsẹ̀.

"Pupa yìí, eérú ni?"

"Eérú ni, Tíà. Ibi tí ọ̀bẹ rẹ̀ ti mú jù nìyẹn."

"Sódà náà ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ẹbí eérú ni?"

Tainara mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó rí bàsíà ọjọ́ Àìkú, ó rí ọmọbìnrin kékeré tó ń po sódà. Ó lè purọ́, irọ́ náà ì bá sì tù wọ́n lára. "Ẹbí kan náà ni. Ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ̀ bóyá ó ràn án lọ́wọ́ ni tàbí ó dí i lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ ni mo wà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàtà tútù ló gbà á sílé, ẹ̀yin kọ́. Ẹ̀yin lẹ nu ún gbẹ."

Lindaura mi orí. Ó fi ìka kan kan ara ìgò kan, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń kan ọmọ ìka ẹsẹ̀. "Màmá ì bá bú wa," ló wí. "Á ní a gbé ẹsẹ̀ òun wá sí gbangba."

Ìgbà náà ni Dókítà Hermínia wọlé, obìnrin gíga tó ń yára sọ̀rọ̀. Ó kí Lindaura dáadáa, ó ní ọ̀rọ̀ èékánná ti dúró, kò sí ẹni tí yóò gbé Tainara lọ sídìí olú inú ilẹ̀ mọ́. Ó wá béèrè, bí ẹni tó ń tọrọ ohun tó tì í lójú díẹ̀, bóyá Dóna Lindaura lè máa gbé oríṣi méjì wá láti ìsinsìnyí lọ: èyí tó mọ́, àti èyí tó ní oyin bíi tàtẹ̀yìnwá. Ó ní òun fẹ́ to méjèèjì síra, kí wọ́n lè rí àwọn jíìnì tí oyin ń pa dé àti àwọn tí èékánná ń ṣí. Ó ní àwọn ì bá má rò ó bẹ́ẹ̀ láé.

Lindaura kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀. Sálúbàtà tó lajú ni dókítà wọ̀, èékánná ọmọ ìka ńlá rẹ̀ ti hù wọ inú ẹran lápá kan, ó sì dájú pé ó ti ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́.

"Dókítà," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ wá sílé lọ́jọ́ Sátidé. Èyí tí mo bá gé lára tiyín, mi ò ní fi oyin sí i."